Ìbọn Ìléwọ́ Kékeré Nínú Àpò: Ohun Tí Òfin Wí fún Ará Oko àti Ará Ìlú

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará agbègbè Lálúpọn àti àwọn ìletò tó yí Ìbàdàn ká máa ń bi ara wọn ní ìdákọ́ńkọ́: nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ kéékèèké, èwo ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ máa fi í sápò lọ sí oko? Kì í ṣe àwọn ọ̀daràn nìkan ló ń bèèrè rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń jí lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ní ìdájí ń bèèrè. Oníṣòwò kòkó tó ń gbé owó gba ọ̀nà ìgbẹ́ kọjá ń bèèrè. Bàbá tó ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé náà ń bèèrè, nítorí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù náà kò sì ṣàìní ìdí.

Ìdáhùn tí òfin fún wọn ṣe kedere: kò sí èyí tí ará ìlú lè yàn nínú wọn. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ka ìbọn ìléwọ́, ńlá àti kékeré, mọ́ àwọn ohun ìjà tí ó jẹ́ èèwọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ lè lo ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀, irú ìbọn tí òfin gbà kí àgbẹ̀ tàbí ọdẹ ní, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe, àti àwọn ọ̀nà tó tọ́ láti dáàbò bo ara ẹni.

Irú ìbọn tí à ń sọ

Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní revolver jẹ́ ìbọn kúkúrú tí ilé ọta rẹ̀ rí roboto, tí ó sì ń yí po bí a ti ń yìn ín. Ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń wà lára ilé ọta náà, ọta kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tó kéré, ọ̀pá ìbọn náà lè má ju nǹkan bí ínǹṣì méjì lọ, ọta márùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà. Ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson ti Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ kan tó lókìkí jáde ní ọdún 1950, wọ́n pè é ní Chiefs Special. Ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn irú ìbọn yìí ni pé ó rọrùn láti fi pamọ́ sínú àpò, sábẹ́ aṣọ tàbí sínú báàgì.

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará wa ń gbọ́ nípa rẹ̀, láti òkè òkun ló ti ń wá. Àwọn ọmọ àti àbúrò tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ń fi àwòrán àti fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣàyẹ̀wò ìbọn bí ẹni ń ra bàtà: èyí tó fúyẹ́, èyí tí kò ní ha sí aṣọ, èyí tó ń gba ọta púpọ̀. Òfin ibẹ̀ ló gbà wọ́n láyè. Ní Texas, láti ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì dí lọ́wọ́ láti ní ìbọn, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó wá láti New York, ó sì wí pé Òfin Ìpìlẹ̀ wọn fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde fún ààbò ara rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Dunblane, lórílẹ̀-èdè Scotland, ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1996, ọkùnrin kan kó ìbọn ìléwọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ìbọn náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ní Texas lè sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n ní Lálúpọn. Kí a rántí èyí nígbàkúùgbà tí fídíò bá dé sórí fóònù wa.

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Òfin tó ń ṣàkóso ìbọn lórílẹ̀-èdè wa ti wà láti ọdún 1959, kí a tó gba òmìnira, ó sì ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di òní. Òfin náà pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí àgbá ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn àwọn ológun. Àárín wọn gan-an ni òfin kó gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí, títí kan àwọn ti àtijọ́ tí à ń fi ẹ̀tù sí. Kò sí ẹni tó lè ní èyíkéyìí nínú wọn àfi ẹni tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ bá fún ní ìwé àṣẹ.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ìbọn tí ènìyàn lè ní fún ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Lára wọn ni ìbọn ọdẹ tí à ń fi kátíríìjì sí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ní ẹ̀rọ tó ń kó ọta mìíràn sẹ́nu. Ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ìbọn ìbílẹ̀ tí à ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ṣakabùlà. Èyí náà nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rò pé nítorí pé bàbá wọn ló fi í sílẹ̀, kò nílò ìwé kankan. Èrò náà kò tọ̀nà.

Ẹ kíyè sí i pé òfin kò wí pé kí àgbẹ̀ tàbí ọdẹ má ní ìbọn. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni irú ìbọn náà.

Ìdí tí òfin fi yà wọ́n sọ́tọ̀

Ẹnìkan lè bèèrè pé: bí òfin bá gbà kí n gbé ṣakabùlà lọ sí oko, kí ló dé tí kò gbà kí n fi ìbọn tó kéré jù ú lọ sápò? Ṣé kì í ṣe ìbọn ni àwọn méjèèjì ni?

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú àpò gan-an. Ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, gbogbo ayé ló rí i. Baálẹ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn ará abúlé mọ ilé rẹ̀, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà mọ ohun tó gbé dání. Ìbọn náà gùn, kò ṣeé gbé wọ ọjà tàbí ọkọ̀ akérò láìjẹ́ pé ènìyàn rí i. Ṣùgbọ́n ìbọn tó wà nínú àpò, ẹni tó ni ín nìkan ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó lè bá a dé ilé ọtí, ibi ìpàdé ẹbí, ibi ìjà ààlà ilẹ̀ àti ibi ìdìbò. Ohun tó mú kí ará ìlú fẹ́ ẹ fún ààbò, ìyẹn ni pé ó ṣeé fi pamọ́, náà ló mú kí adigunjalè fẹ́ ẹ. Ọlọ́pàá tó dúró lójú ọ̀nà kò ní ọ̀nà láti mọ èyí tó jẹ́ ti àgbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti olè.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ìbọn kékeré kì í ṣe ohun tó rọrùn láti lò. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro tó láti fi í bá ohun tí a fojú sùn. Bí ó bá fúyẹ́, ṣe ni yóò máa ta ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tó bá dún. Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin ti gbà á láyè pàápàá, ìdánrawò léraléra ni wọ́n ń gba ẹni tó ni ín níyànjú láti ṣe. Ẹni tí kò kọ́ ọ, tí jìnnìjìnnì sì bò ó mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọlọ́ṣà, lè yìn ín lu ọmọ tàbí aya tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà náà lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyà tó wà níwájú

Ní ọdún 1984, ìjọba ṣe òfin mìíràn lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Òfin náà wí pé ẹnikẹ́ni tí ìbọn bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tó lòdì sí òfin yóò san owó ìtanràn ₦20,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín sí ọdún mẹ́wàá, tàbí kí ó gba ìyà méjèèjì pọ̀. Òfin kò bèèrè bóyá ó ti yìn ín rí. Pé ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ti tó.

Kí ni ìtumọ̀ pé ó wà ní ìkáwọ́ ẹni? Kò di ìgbà tó bá wà lára ènìyàn. Ìbọn tí ó fi pamọ́ sábẹ́ àga ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Èyí tó kì bọ àjà ahéré oko wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Èyí tí ọ̀rẹ́ fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, lè di ẹjọ́ sí i lọ́rùn.

Àwọn kan rò pé èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ nílé kò le tó èyí tó ti òkè òkun wá. Òfin kò mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni ìbọn ìléwọ́, ìbáà jẹ́ ilé ẹ̀rọ ló ṣe é tàbí ilé arọ. Ẹni tó rọ ọ́ láìgbàṣẹ náà ti rú òfin. Ewu mìíràn tún wà lára irú èyí: irin tí kò lágbára tó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́.

Ṣé kò sí ẹ̀tọ́ láti gba ara ẹni là ni?

Ẹ̀tọ́ náà wà. Abala 33 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀. Ó sì gbà pé bí ẹnìkan bá kú nítorí agbára tí ẹlòmíràn lò láti gba ara rẹ̀ tàbí ènìyàn mìíràn lọ́wọ́ ìwà ipá, tí agbára náà kò sì ju bí ó ti yẹ lọ, kò ka ìyẹn sí títẹ ẹ̀tọ́ ẹni tó kú náà mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọlọ́ṣà bá kọlù kò níláti kawọ́ gbera.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gba ara ẹni là yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti ní irú ìbọn tó wuni. Òfin Ìpìlẹ̀ wa kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ kejì yìí. Ẹni tó fi ìbọn ìléwọ́ tí kò ní àṣẹ gba ara rẹ̀ là lè bọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, kí ẹjọ́ ìbọn náà sì ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ayédèrú ìwé àṣẹ

Nínú Òfin Ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun ìjà àti ọta ìbọn wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nítorí náà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní agbára láti fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà kò ní in. Baálẹ̀ kò ní in, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ kò sì ní in. Bí ẹnìkan bá fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí káàdì ẹgbẹ́ kan hàn yín, tó ní òun lè fi bá yín gba àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́, ẹ mọ̀ pé jìbìtì ni. Owó yín ni yóò kọ́kọ́ lọ. Òmìnira yín lè tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ ní ìbọn ní ọ̀nà tó tọ́

Àgbẹ̀ tí ẹranko ń ba oko rẹ̀ jẹ́, tàbí ọdẹ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, lè kọ̀wé béèrè fún àṣẹ láti ní ṣakabùlà tàbí ìbọn ọdẹ tí òfin gbà. Àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò júwe ọ̀nà tí ìwé náà yóò gbà dé oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn. Ẹ má ṣe ra ìbọn kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ.

Òfin dárúkọ àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní àṣẹ náà. Àwọn ni:

• ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17;
• ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé;
• ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó láti lo ìbọn;
• ẹni tí ọtí tàbí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti borí rẹ̀;
• ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá tàbí ìhalẹ̀mọ́ni láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Nígbà tí àṣẹ bá sì ti jáde, ẹ tọ́jú ìwé náà dáadáa, ẹ sì máa ṣe é ní ọ̀tun nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ ti ìbọn mọ́ ibi kan, kí ẹ sì ti ọta tàbí ẹ̀tù mọ́ ibòmíràn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ó bá sọnù tàbí tí olè jí i, ẹ tètè fi tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n má baà fi ìbọn yín ṣe ibi tí a ó fi kà yín mọ́ ọn.

Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílé yín

Ó lè jẹ́ pé bàbá kú, tí àwọn ọmọ sì rí ìbọn ìléwọ́ nínú àpótí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àgbẹ̀ kan rí i níbi tí àwọn kan jù ú sí lẹ́bàá oko. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló mú kí ẹnìkan rà á, tí ó ti wá mọ̀ báyìí pé òfin kò gbà á.

Bí ẹ bá rí i níta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì dúró sí ìtòsí títí wọn yóò fi dé, kí ọmọdé má baà kọ́kọ́ débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ló wà, ẹ má gbé e jáde fúnra yín, nítorí bí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ó ṣòro kí ọlọ́pàá tó gbà pé àgọ́ wọn ni ẹ ń gbé e lọ. Ẹ má tà á. Ẹ má rì í sínú odò, ẹ má sì fún ọ̀rẹ́ pa mọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò, kí ó bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá láti ṣàlàyé bí ìbọn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n sì wá gbé e. Olórí ẹbí tàbí baálẹ̀ lè tẹ̀ lé yín lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ sọ ọ́ ní àlàyé tó ṣeé gbọ́ ju ẹni tí wọ́n tú ilé rẹ̀ tí wọ́n bá a níbẹ̀ lọ.

Ààbò tí òfin fọwọ́ sí

Àwa tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí mọ̀ pé kò tó kí a sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó má gbé ìbọn sápò, kí a sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù rẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà ni òfin tó gbé e kalẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jáde. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ìmọ̀ igbó àti ìmọ̀ àdúgbò ran àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n sí.

Nọ́ńbà ìjọba ìpínlẹ̀ fún pàjáwìrì ni 615, a kì í san owó láti pè é. Ti orílẹ̀-èdè ni 112. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ oko ní nọ́ńbà méjèèjì. Bí ẹ bá pè, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ ni ibi tí ẹ wà: orúkọ abúlé, ojú ọ̀nà, àti ohun kan tí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè fi dá a mọ̀, bí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ojú irin.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò ná wa ní owó. Kí àwọn tí oko wọn wà ní ojú ọ̀nà kan náà jọ máa lọ, kí wọ́n sì jọ máa bọ̀. Kí oníṣòwò dín owó tó ń gbé lọ́wọ́ kù, kí ó máa fi ránṣẹ́ láti báńkì níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ó má sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò kọjá. Kí ẹni tó ń lọ sí oko sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò dé fún ará ilé. Kí baálẹ̀ máa pe ìpàdé déédéé, kí àwọn ọdẹ, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran tó ń gbé àdúgbò wà níbẹ̀, kí a lè tètè mọ àjèjì tó ń rìn ní ìrìn tí kò yé wa. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ kí ó tó di ìṣẹ̀lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìbọn kékeré inú àpò kò ní ojú, kò sì lè ríran fún ẹni tó ni ín. Ojú aládùúgbò, ẹsẹ̀ àwọn tó jọ ń rìn, àti ìpè tó tètè jáde lórí fóònù ni ààbò tí àgbẹ̀ Lálúpọn lè gbé lọ sí oko láràárọ̀, tí kò sì níláti fi pamọ́ fún ọlọ́pàá kankan.